Èdè Kọ̀ǹpútà Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, pé èdè wo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lè gbọ́ orúkọ márùn-ún. Ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù á ní JavaScript ni. Ẹni tó ń bá dátà ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́ á ní kò sí èyí tó dà bíi Python. Ẹni tó kọ́ ọ ní yunifásítì á ní tí ẹ ò bá tíì kọ́ C, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Èdè tó gbé kálukú dé ibi tó wà ló ń sọ. Ìbéèrè yín gan-an ni kò pé. Mẹ́ta kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ni mo fẹ́ ṣe, ẹ̀rọ wo ló wà lọ́wọ́ mi, ta ni yóò dá mi lóhùn tí mo bá há síbì kan? Ẹni tó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èdè tó kù fún un láti yàn kì í sábà ju méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀

"Mo fẹ́ kọ́ kóòdù" kò tó. "Mo fẹ́ wọ tech" ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí, gbólóhùn kan péré:

"Mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà màmá mi lè wo aṣọ àti iye rẹ̀ lórí fóònù wọn."
"Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá mi ṣírò àjọ tí a ń dá, kó sì sọ ẹni tó kàn láti kó o."
"Mo fẹ́ ṣe géèmù ayò."
"Mo fẹ́ kí bátìrì inverter wa máa ránṣẹ́ sí fóònù mi tó bá ti ń kú lọ."

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti yan èdè tirẹ̀. Ti aṣọ, wẹ́ẹ̀bù ni: ẹ ó kọ́ HTML àti CSS fún bí ojú ìwé náà ṣe máa rí, lẹ́yìn náà JavaScript tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ti àjọ, Python á ṣe é láìlàágùn. Ayò tó ń ṣí nínú browser (áàpù tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, bíi Chrome), JavaScript tó o. Àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù ńlá tí èèyàn ń sáré kiri nínú rẹ̀ lẹ ní lọ́kàn, Unity, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù, ni ọ̀pọ̀ ń lò, C# ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ti bátìrì, ẹ ó ra pátákó kékeré bí Arduino tí a ń fi C++ darí, tàbí ESP32 tó ń gba MicroPython, Python tí wọ́n gé kúrú fún irú pátákó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣe áàpù Android, Kotlin ni ọ̀nà tààrà. Google gbà á wọlé ní 2017, wọ́n sì gbé e ṣáájú Java ní 2019. Ti iPhone, Swift ni, èyí tí Apple gbé jáde ní 2014. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì lè wo Dart pẹ̀lú Flutter, tàbí JavaScript pẹ̀lú React Native.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ Java tàbí C++ ni olùkọ́ yín ń kọ́ yín, òun ni kí ẹ kọ́ dáadáa. Ẹ má bá a jà. Ìdánwò wà níwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń kọ́ ohun kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, olùkọ́ náà sì wà níbẹ̀ láti bi ní ìbéèrè. Ohun kan náà ni mo máa sọ fún ẹni tó bá ti wọ ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti fi kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ tech, tàbí ètò mìíràn tó jọ ọ́: èdè tí wọ́n bá fi ń kọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Bí gbólóhùn kankan ò bá wá sọ́kàn yín ńkọ́? Ẹ mú Python. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ dáúnlóòdù eléyìí, kí ẹ dáúnlóòdù tọ̀hún, láìro ti ẹni tó ń ra dátà ọlọ́jọ́ méje.

Tó bá jẹ́ fóònù Android nìkan lẹ ní, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Pydroid 3. Tí ẹ bá ti fi í sórí fóònù, Python á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí dátà. Ti JavaScript náà ò le, nítorí Chrome tó wà lórí fóònù yín ti gbọ́ ọ. Ibi tí ẹ ó ti máa kọ ọ́ nìkan lẹ máa wá, bí Acode. Ohun tó máa ni yín lára ni kíbọ́ọ̀dù: àmì bíi { àti ; wà nínú ojú ìwé kejì tàbí ìkẹta rẹ̀, kí ẹ tó kọ ìlà mẹ́wàá, ìka á ti máa ro yín. Kíbọ́ọ̀dù Bluetooth, tàbí èyí tí wọ́n ń fi okùn OTG so mọ́ fóònù, á mú ìyẹn kúrò. Fóònù á gbé yín la ìpìlẹ̀ já. Kò lè gbé yín dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó lé lórí, nítorí náà ẹ máa tọ́jú owó láptọ́ọ̀pù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ lọ.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní RAM 4GB gbé Python, ó gbé JavaScript, ó gbé PHP àti C pẹ̀lú. VS Code tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ kóòdù á ṣí lórí rẹ̀. Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe áàpù Android ló máa dá a lẹ́kun: 8GB ni Google fúnra wọn pè ní èyí tó kéré jù, ẹni tó bá sì lò ó lórí 8GB mọ̀ pé sùúrù ló fi ń ṣe é. Ní ti Swift, Xcode tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone ò sí lórí ẹ̀rọ mìíràn àfi Mac. Ẹni tí kò ní Mac, tí kò sì ní í rà á lọ́dún yìí, kó gbé Swift sílẹ̀ ná.

Níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú, ẹ wọ File nínú VS Code, kí ẹ tan Auto Save, tó ń tọ́jú iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹkún.

Python àti JavaScript lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń já sí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká jókòó tì wọ́n.

Guido van Rossum, ará Netherlands, ló gbé Python jáde ní 1991, ó sì fẹ́ kó jẹ́ èdè tí èèyàn lè kà láìfẹ́ ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti èdè náà gan-an, bíi if, for àti while, kò ju 35 lọ. Kò sí { kò sí ; kò sí àlàyé gígùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Dípò wọn, àyè tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ohun. Tí àyè yẹn bá yẹ̀, Python á ké IndentationError. Ìyẹn máa ń bí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ nínú, àmọ́ ó ń kọ́ wọn láti kọ nǹkan létòlétò.

JavaScript, Brendan Eich ló kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní 1995, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì fi ṣe é. Kò bá Java tan. Java ló gbayì lákòókò yẹn, òun ni wọ́n fi yá a lórúkọ kí ọjà lè tà. Ohun tó jẹ́ kó lágbára títí dòní ni pé gbogbo browser ló gbọ́ ọ, kò sì sí èdè mìíràn tó ní irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí èèyàn máa tẹ̀ lójú wẹ́ẹ̀bù ò lè yẹra fún un.

Àmọ́ ìkánjú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹ wo èyí. Ẹ fi 5 sínú àmì àyọlò kó di ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi nọ́ńbà 3 kún un. (print àti console.log ló ń gbé èsì jáde lójú ẹ̀rọ.) Ní Python:

```
iye = "5"
print(iye + 3)
```

Python á kọ̀ jálẹ̀. Á ní TypeError, ìyẹn pé irú nǹkan méjèèjì ò bára mu, á sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Ní JavaScript:

```
let iye = "5";
console.log(iye + 3);
```

JavaScript ò ní í jiyàn. 53 ló máa gbé jáde fún yín, á so wọ́n pọ̀ bí ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di ìsọdipúpọ̀, iye * 3, á yí ọkàn padà, á ní 15. (Kí n má bàa gbè sápá kan: Python náà á ní 555 fún ti ìsọdipúpọ̀ yìí, nítorí ó gbà pé ẹ fẹ́ kọ "5" lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni.) Ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ sínú àpótí wẹ́ẹ̀bù, ọ̀rọ̀ ló máa ń dé bí i, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ ronú olùbẹ̀rẹ̀ tó kọ áàpù tó ń ṣírò owó, tí ₦500 àti ₦200 wá di 500200 lójú rẹ̀, tí kò sì sí àṣìṣe kankan tí ẹ̀rọ pè. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹni tí kò ní gbólóhùn kankan lọ́kàn mú Python: ó máa ń pariwo ní ibi tí JavaScript ti ń dákẹ́. Olùbẹ̀rẹ̀ nílò ariwo yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí ẹ bá ń wá ẹ̀kọ́ Python kiri. Bí ẹ bá rí ìwé tàbí fídíò tí wọ́n ti kọ print láìfi àkámọ́ sí i, Python 2 nìyẹn, ẹ̀yà àtijọ́. Wọ́n ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti January 1, 2020. Ẹ kọjá lọ.

Àwọn yòókù ní ṣókí

PHP: àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi kọ WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ìkànnì, WordPress ló sì wà lábẹ́ ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ìkànnì ayé. Ẹni tó fẹ́ máa ṣe ìkànnì fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìtajà ládùúgbò lè tètè fi í rówó.

Java: ó lágbára, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Kí ẹ tó fi gbólóhùn kan hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ ó ti kọ ìlà méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣàlàyé fún yín.

C: Dennis Ritchie ṣe é ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972, òun ni wọ́n sì fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkàn Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ gan-an. Bí èdè àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń dá kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ó le jù.

Rust àti Go: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Fún ọmọdé, Scratch ni. MIT gbé e jáde ní 2007, bíríkì aláwọ̀ ni wọ́n ń tò, kò sí pé ọmọ ń tẹ̀wé. Ẹ̀yin òbí tó wà ní ìlú ọba á ti rí i nínú iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ yín. Python ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e tí wọ́n bá dé sẹ́kọ́ńdírì.

Èdè kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Yorlang, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá: jẹ́kí, sọpé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn ún fi ṣàlàyé fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dẹ́rù bà pé kóòdù kì í ṣe àjẹ́. Àmọ́ ẹ ò ní í rí ẹni púpọ̀ bi ní ìbéèrè nípa rẹ̀, ẹ ò sì lè fi wáṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi iṣẹ́ kan náà dán méjì wò

Tó bá ti ku èdè méjì lọ́wọ́ yín, ẹ má ka ìjíròrò kankan mọ́. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa fún èèyàn ni ti POS: oníbàárà fẹ́ gba ₦12,000, oní-POS ń gba ₦100 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù tí kò tó ₦5,000, ₦100 náà ni. Èló lowó iṣẹ́?

Python:

```
owo = 12000
apa = owo // 5000
if owo % 5000 > 0:
    apa = apa + 1
print(apa * 100)
```

JavaScript:

```
let owo = 12000;
let apa = Math.floor(owo / 5000);
if (owo % 5000 > 0) {
  apa = apa + 1;
}
console.log(apa * 100);
```

300 ni méjèèjì máa sọ. Àmì % ń mú èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín wá, // sì ń pín láìka èyí tó ṣẹ́kù; iṣẹ́ kan náà ni Math.floor ń ṣe ní JavaScript. Ẹ má ṣe àdàkọ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yí 12000 padà sí 10000 àti 4999, kí ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ ohun tó máa jáde kí ẹ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹ fi nǹkan kún un: kó máa béèrè iye owó, kó má gba òdo tàbí iye tó dín sí òdo, kó sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòjọ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti máa yọ. Fún Python, kíkọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì ò ju ìlà méjì lọ, àmọ́ ojú dúdú tí ọ̀rọ̀ ń yọ lórí rẹ̀ ni ẹ máa máa wò. JavaScript inú browser ò ní í lè kàn fọwọ́ kan fáìlì orí ẹ̀rọ yín, wọn ò gbà á láyè nítorí ààbò. Àyè tí browser fúnra rẹ̀ fi ń tọ́jú nǹkan, tó ń jẹ́ localStorage, lẹ máa lò. Àmọ́ ẹ lè ṣe bọ́tìnnì, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀, kí ẹ sì fi han ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣe POS lórí fóònù rẹ̀ gan-an. Ohun tó bá wù yín jù láti padà sí ní alẹ́ nínú méjèèjì, òun ni tiyín. Mi ò mọ òṣùwọ̀n tó dára ju ìyẹn lọ.

Ìkìlọ̀ kan fún àwa tó ń kọ Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí Python ka lẹ́tà inú "ọkọ̀" fún yín, pẹ̀lú len, àṣẹ tó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀. Lójú wa, mẹ́ta ni. Python á ní mẹ́rin. Tó bá sì jẹ́ irú kíbọ́ọ̀dù kan lẹ fi tẹ̀ ẹ́, á ní mẹ́fà. Kò ṣìnà. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, kò sí ọ̀ tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ọ ni, àmì ohùn sì tẹ̀ lé e. Àwọn kíbọ́ọ̀dù mìíràn tún ya o àti àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. JavaScript náà ò yàtọ̀, kódà ó le níbẹ̀: tí ẹ bá fi àmì sórí orúkọ ohun tí ẹ ń lò nínú kóòdù, orúkọ méjì tó jọra bí ìbejì lójú yín lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà ẹ kọ Yorùbá alámì sínú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa kà, ìyẹn ò séwu, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Orúkọ inú kóòdù, ẹ kọ ọ́ láìlámì: owo, apa, oruko.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ẹni tó máa dá yín lóhùn

Ẹni tó wà nítòsí tó mọ PHP wúlò fún yín ju ògbóǹtagí Python tí ẹ ò mọ̀ rí lọ. Bí ẹ bá ní àbúrò, ọ̀rẹ́ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò tó máa wo kóòdù yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ ìyàn yín. Ẹ tún wo ìpolówó iṣẹ́ lórí Jobberman tàbí LinkedIn, èyí tí wọ́n kọ intern tàbí junior sí, ní ìlú tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ ka ogún, kí ẹ máa fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè tí wọ́n bá dárúkọ.

Ní ti ibi ẹ̀kọ́: freeCodeCamp àti CS50 ti Harvard, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fídíò CS50 máa ń jẹ dátà, nítorí náà ẹ dá a dúró de ìgbà tí ẹ bá rí Wi-Fi. Ìkànnì MDN fún JavaScript àti ìwé ẹ̀kọ́ tó wà lórí python.org fún Python, àkọsílẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe fídíò; èèyàn tiẹ̀ lè dáúnlóòdù ti Python kó máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé wà nínú ìwé Python yẹn. Bí ẹ bá ń fi Python sórí Windows, tí ẹ sì rí àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Add python.exe to PATH" sí, ẹ máàkì rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè "Python mi ò ṣiṣẹ́", àpótí yẹn ni.

ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ lò wọ́n, àmọ́ fún àlàyé. Ẹ gbé àṣìṣe tí ẹ̀rọ pè fún un, kí ẹ ní kó sọ ohun tó túmọ̀ sí, kó má sì bá yín tún un kọ. Ẹni tó ń jẹ́ kó bá òun kọ gbogbo rẹ̀ á ní áàpù, kò ní í ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní kí ẹ san owó gọbọi, tó sì ń ṣèlérí iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kọ hàn yín. Ohun tí wọ́n kọ o, kì í ṣe fọ́tò wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dúró síbẹ̀

Ọdẹ tó lé eku méjì á pòfo. Ibi tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń sá ni ibi tí function (àwọn àṣẹ tí a dì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan) àti list (nǹkan púpọ̀ tí a tò sábẹ́ orúkọ kan) ti wọlé. Nǹkan á le, wọ́n á gbọ́ pé èdè mìíràn rọrùn, wọ́n á ṣí lọ, wọ́n á sì bá function àti list níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí: variable (orúkọ tí a fún iye kan), if, loop (àṣẹ tí a ń ṣe léraléra), function, list, kíkà àti kíkọ fáìlì, lẹ́yìn náà lílo kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí iṣẹ́ POS yẹn, kí ẹ fi ohun tuntun náà tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan èdè kejì títí ẹ ó fi ní ohun kan tí ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ẹ̀yin, lò tán tó sì rí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Èdè kejì tí mo máa ní kí ẹ mú lẹ́yìn ìyẹn ni SQL, èdè tí a fi ń tọ́jú àti wá àkọsílẹ̀ nínú àkójọ dátà, èyíkéyìí tó wù kí àkọ́kọ́ yín jẹ́, nítorí kò pẹ́ tí gbogbo áàpù á fi ní ohun tó fẹ́ tọ́jú. Àwọn tó mú Python ò ní í dáúnlóòdù ohunkóhun: sqlite3, tó ń gba SQL, ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ import sqlite3, kí ẹ sì kó àkọsílẹ̀ POS yẹn kúrò nínú fáìlì lọ síbẹ̀.